Láti Gbòǹgbò Orín Ata Dé Orí Awọ: Bí A Ṣe Ń Dán Alikálọ́ìdì Wò fún Làpálàpá àti Jẹjẹrẹ Awọ Ara

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ìyá lẹ́kúlẹ́jà tí ẹ ti ìsọ̀ yín ní ọjà Jagun wá, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ wá láti LAUTECH, ẹ kú ìjókòó o.

Mo fẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí orín ata. Ọ̀dú ni, kì í ṣe àìmọ̀ fún olóko. Ẹ bá mi gé gbòǹgbò rẹ̀ tútù, kí ẹ fi ọ̀bẹ ha èèpo rẹ̀ wò: inú rẹ̀ á pọ́n bí ìyeyè. Lára ohun tó ń pọ́n níbẹ̀ ni chelerythrine, alikálọ́ìdì kan tó lè pa fọ́ńgọ́ọ̀sì, tó sì lè pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Ọ̀rọ̀ ìbá tán síbẹ̀, àfi pé ó lè pa awọ ara tí kò ṣàìsàn pẹ̀lú. Orí “pẹ̀lú” yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé lónìí. Bí a bá da sípíríìtì lé fọ́ńgọ́ọ̀sì nínú abọ́, yóò kú. Bí a bá da omi bátìrì lé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, yóò kú. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa fi omi bátìrì wo aláìsàn. Iṣẹ́ ẹni tó ń dán ewéko wò ni láti wá àlàfo tó wà láàárín ìwọ̀n tó ń pa àrùn àti ìwọ̀n tó ń pa ara alárùn. Bí àlàfo náà bá fẹ̀, a lè máa retí oògùn. Bí kò bá fẹ̀, májèlé ni, bó tilẹ̀ jẹ́ inú igbó Ọlọ́run la ti já a.

Alikálọ́ìdì ni ọ̀wọ́ èròjà tí ewéko máa ń ṣe, tí náítírójìn wà nínú wọn, tí púpọ̀ nínú wọn sì korò. Wọ́n máa ń ṣe sí ásíìdì bí omi eérú ṣe ń ṣe sí i: tí àwọn méjèèjì bá pàdé, wọ́n á di iyọ̀ tó ń yọ́ nínú omi. Èyí tó ń lé oorun lọ nínú obì wà lára wọn, èyí tó wà nínú tábà wà lára wọn, quinine náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó korò ni alikálọ́ìdì, kì í sì í ṣe gbogbo ewé tó ń wo làpálàpá ló ń fi alikálọ́ìdì wò ó. Ẹ wo asúnwọ̀n, tí gbogbo wa mọ̀ mọ làpálàpá. Àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní anthraquinone ni a mọ̀ jù nínú iṣẹ́ tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá yọ alikálọ́ìdì nínú asúnwọ̀n, tó dán an wò tí kò rí nǹkan kan, tó wá kọ ọ́ pé asúnwọ̀n kò ṣiṣẹ́, irọ́ ló pa mọ́ asúnwọ̀n. Ibi tí iṣẹ́ wà kọ́ ló wò.

Kí ló dé tí fọ́ńgọ́ọ̀sì fi ṣòro pa láìpa ara wa? Nítorí pé sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jọ tiwa ju ti bakitéríà lọ. Ó ní kóróńdo láàárín sẹ́ẹ̀lì bíi tiwa, DNA rẹ̀ wà nínú kóróńdo yẹn bíi tiwa. Ìyàtọ̀ tí àwọn oògùn òde òní ń lò kò pọ̀: ọ̀rá tó wà nínú awọ fẹ́lẹ́ tó bo sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń jẹ́ ergosterol, tiwa ń jẹ́ cholesterol. Terbinafine àti àwọn ìbátan fluconazole máa ń dí ọ̀nà tí fọ́ńgọ́ọ̀sì ń gbà ṣe ergosterol, ìdí nìyẹn tí awọ wa fi ń yè é. Ṣùgbọ́n chelerythrine, berberine àti ọ̀pọ̀ ìbátan wọn, inú DNA ni wọ́n máa ń ki ara wọn bọ̀, wọ́n sì máa ń dí iṣẹ́ àwọn èròjà pàtàkì inú sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́. Ohun tí a fi kọ́ DNA kò yàtọ̀ láàárín fọ́ńgọ́ọ̀sì, jẹjẹrẹ àti ọmọ tuntun jòjòló.

Ẹnì kan lè bi wá pé, nígbà tí terbinafine wà, kí la tún ń wá kiri? Ìbéèrè gidi ni. Irú fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tí wọ́n sọ ní Trichophyton indotineae ní ọdún 2020 ti ń tàn káàkiri láti ilẹ̀ Íńdíà, ibi tí terbinafine ti máa ń mú un sì ti yí padà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, oògùn náà kò ràn wọ́n mọ́. Èkejì sì wà nílé wa níbí: àwọn ìpara àdàlù tí wọ́n ti po sítẹ́rọ́ọ̀dù mọ́. Ẹni tó bá fi pa làpálàpá, yíyún á dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kejì, pípọ́n á lọ, fọ́ńgọ́ọ̀sì á sì máa gbilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ní ìrọ̀rùn nítorí a ti so ọwọ́ ọmọ ogun ara. Nígbà tó bá fi máa tún jáde, kò ní jọ òrùka mọ́, dókítà gan-an lè má dá a mọ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé ìpara ìbílẹ̀ wá pé ó ń wo làpálàpá lọ́jọ́ méjì, ohun àkọ́kọ́ tí láàbù yẹ kó yẹ̀ wò ni bóyá sítẹ́rọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sórí iṣẹ́ gan-an. Orúkọ ni ìṣòro àkọ́kọ́. Asúnwọ̀n ìbílẹ̀ àti asúnwọ̀n òyìnbó, igi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, bí ẹni tó ń tà á bá sì ti gún un, kò sí ojú tó lè yà wọ́n. Awọpa tí ẹ ń rà, igi igbó kìjikìji ni, kì í hù ní pápá tiwa níhìn-ín yìí, ẹni tó gbé e wá láti ọ̀nà jíjìn ló mọ ohun tó bó. Ẹ já ẹ̀ka tó ní ewé àti òdòdó tàbí èso, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ sáàárín ìwé ìròyìn kó gbẹ, kí ẹ gbé e lọ síbi ìkówèésí Forest Herbarium ní Ìbàdàn kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà. Ìwádìí tí kò ní nọ́ńbà yẹn, kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe láéláé.

Inú ibòji ni kí ẹ ti sá èèpo náà, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, kí ẹ máa yí i. Oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ lágbára jù fún un, ìmọ́lẹ̀ máa ń ba ọ̀pọ̀ alikálọ́ìdì aláwọ̀ ìyeyè jẹ́. Nígbà òjò, tí ara rẹ̀ bá pẹ́ kó tó gbẹ, ebu á mú un, ebu náà á sì da oró tirẹ̀ sí i. Ẹ̀rọ ìgbẹ́ǹkan tí ooru rẹ̀ kò kọjá 40°C dára jù lásìkò yẹn. Lẹ́yìn náà kí ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, kí ẹ dé e sínú ìgò dúdú.

Fún 100 gíráàmù ìyẹ̀fun èèpo gbòǹgbò, ẹ fi 500 mílílítà hexane rẹ ẹ́ fún wákàtí 24 kí ọ̀rá lè kúrò. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kí ìyẹ̀fun gbẹ, kí ẹ wá rẹ ẹ́ sínú lítà kan methanol fún ọjọ́ 3, ẹ máa mì í. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ tún un rẹ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ mú methanol náà gbẹ pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́, kí ooru má ju 40°C lọ. Ohun tó bá ṣẹ́kù á ki bí oyin. Ẹ po ó mọ́ ásíìdì HCl 2%: alikálọ́ìdì á di iyọ̀, á wọ inú omi lọ, ọ̀rá àti àwọ̀ ewé á ṣẹ́kù sẹ́yìn. Ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ wá máa kán ammonia sí omi náà títí pH (òṣùwọ̀n ásíìdì) á fi dé 9 tàbí 10, kí ẹ fi chloroform fà á jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa èéfín síta, nítorí chloroform ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹ má mì í kíkankíkan. Bí ẹ bá gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, omi àti chloroform á pò pọ̀ bí ògì, wọn kò sì ní yà mọ́. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ da iyọ̀ jíjẹ díẹ̀ sí i, ẹ fi sílẹ̀ dọjọ́ kejì.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí dáadáa nìyí, nítorí iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bàjẹ́ níbẹ̀ láìmọ̀. Alikálọ́ìdì kan wà tí kì í fi omi sílẹ̀, bí ẹ bá da gbogbo ammonia ayé lé e. Palmatine inú èèpo awọpa wà lára wọn, berberine náà bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé iná mọ̀nàmọ́ná sára nígbà gbogbo, ọ̀rẹ́ omi ni wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ á wo chloroform rẹ̀ tó funfun gbòò, á kọ ọ́ pé “kò sí alikálọ́ìdì,” á sì da omi aláwọ̀ ìyeyè nù sí gọ́tà. Omi tó dà nù yẹn ni oògùn wà. Bí omi yín bá ṣì ń pọ́n lẹ́yìn chloroform, ẹ má dà á nù: ẹ fi n-butanol fà á, kí ẹ ṣàyẹ̀wò méjèèjì lọ́tọ̀.

Láti mọ̀ pé alikálọ́ìdì ni, ẹ má gbára lé omi àyẹ̀wò kan ṣoṣo. Ti Dragendorff á mú àwọ̀ ọsàn wá, ti Mayer á dà gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun bí ògì sílẹ̀, ti Wagner á pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Purotéènì inú ewé lè tan ti Mayer jẹ, nítorí náà kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹnu kò. Bí ẹ bá rí gíráàmù 1 tàbí 2 nínú 100, ẹ ṣeun. Ẹni tó bá ní òun rí 10, ohun mìíràn ló pọ̀ nínú rẹ̀.

Nísinsin yìí, ó kan làpálàpá. Ẹ jẹ́ kí fọ́ńgọ́ọ̀sì tí ẹ máa lò jẹ́ èyí tó ń fa làpálàpá ní tòótọ́: Trichophyton rubrum, T. mentagrophytes, tàbí Microsporum tó ń mú orí ọmọdé. Wọ́n máa ń lọ́ra, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni kí wọ́n tó hù dáadáa ní 28°C, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń lo Candida dípò wọn, nítorí ó ń hù mọ́jú. Candida kì í ṣe làpálàpá. Èsì rẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún wa nípa T. rubrum.

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù ni ká gbẹ́ ihò sínú jẹ́lì agar, ká rọ omi ewé sínú rẹ̀, ká wọn òbírí tí fọ́ńgọ́ọ̀sì kò hù dé. Ó rọrùn, kò wọ́nwó, ṣùgbọ́n ó ń ṣini lọ́nà. Èròjà kékeré tó ń yọ́ nínú omi á sáré nínú jẹ́lì, òbírí rẹ̀ á tóbi. Èròjà tó tóbi tàbí tó lẹ̀ mọ́ jẹ́lì á dúró sójú kan, òbírí rẹ̀ á kéré, bó tilẹ̀ lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìrìn ni ọ̀nà náà ń wọ̀n, kì í ṣe agbára.

Ọ̀nà tó yẹ ni àwo oníhò 96, gẹ́gẹ́ bí ìlànà M38 ti àjọ CLSI, tó ń ṣe ìlànà fún láàbù, ṣe là á sílẹ̀. Ẹ yọ́ alikálọ́ìdì sínú DMSO, omi kan tó ń yọ́ nǹkan, ní 25.6 míligíráàmù nínú mílílítà kan. Ẹ fi omi oúnjẹ RPMI là á ní ìlọ́po 50. Ẹ fi 200 máíkrólítà rẹ̀ sí ihò àkọ́kọ́, kí ẹ máa pín in sí méjì-méjì lọ dé ihò kẹwàá, kí 100 ṣẹ́kù sí ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi RPMI tó ní DMSO kan náà pín in, kí DMSO lè dọ́gba níbi gbogbo. Nígbà tí ẹ bá fi 100 máíkrólítà irúgbìn fọ́ńgọ́ọ̀sì kún un, ihò àkọ́kọ́ á di 256 máíkrógíráàmù nínú mílílítà, ti ìkẹyìn á di 0.5, DMSO kò sì ní ju 1% lọ. Irúgbìn yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ 1,000 sí 3,000 nínú mílílítà kan lẹ́yìn àdàpọ̀. Bí ó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, oògùn á dà bí aláìlera. Bí ó bá kéré jù, omi lásán á dà bí oògùn. 35°C, ọjọ́ 4. Ihò tí ìwọ̀n oògùn inú rẹ̀ kéré jù, tí ìdá 80 nínú 100 ìhù ti dáwọ́ dúró, ni ìdáhùn yín.

Ihò àfiwé kò gbọ́dọ̀ sọnù: ọ̀kan tó ní fọ́ńgọ́ọ̀sì àti DMSO nìkan, ọ̀kan tí kò ní fọ́ńgọ́ọ̀sì rárá, ọ̀wọ́ kan tó ní terbinafine, àti ọ̀kan tó ní alikálọ́ìdì láìní fọ́ńgọ́ọ̀sì, nítorí àwọ̀ ìyeyè lè tan ojú jẹ. Ẹni tó bá yọ terbinafine kúrò ń fi ara rẹ̀ pamọ́ fún òótọ́: fọ́ńgọ́ọ̀sì tí kò tíì yíwọ́, terbinafine sábà máa ń dá a dúró ní ìwọ̀n tí kò tó 0.1 máíkrógíráàmù nínú mílílítà. Bí tiyín bá jẹ́ 256, ẹ ṣọ́ra kí ẹ tó pè é ní “agbára ńlá.” Ìlànà tí ọ̀pọ̀ olùwádìí ń tẹ̀lé ni pé kí àpòpọ̀ ewé tó ju 100 lọ padà sílé. Kí ẹ tún un dán wò pẹ̀lú ìyẹ̀fun kẹ́rátìn, ohun tí a fi ṣe irun, èékánná àti òkè awọ, nínú ihò, nítorí inú kẹ́rátìn ni làpálàpá ń gbé, alikálọ́ìdì tó bá lẹ̀ mọ́ kẹ́rátìn pinpin kò ní ráyè mú fọ́ńgọ́ọ̀sì.

Ní ti jẹjẹrẹ awọ, sẹ́ẹ̀lì A375 dúró fún mẹlanóma, jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì tó ń fún awọ ní àwọ̀, A431 dúró fún irú jẹjẹrẹ tó ń ṣe ojú awọ, HaCaT ni a fi ń ṣàfiwé awọ tó ní àlàáfíà. Ẹ gbin 5,000 sẹ́ẹ̀lì sí ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹsẹ̀ múlẹ̀ fún wákàtí 24 ní 37°C, kí ẹ fi oògùn sí i fún wákàtí 72, kí ẹ wá fi MTT, èròjà aláwọ̀ kan, sí i fún wákàtí 3 sí 4. Sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè á sọ MTT tó pọ́n bí ìyeyè di àwọ̀ àlùkò, ẹ yọ́ ọ sínú DMSO, ẹ kà á ní 570 nánómítà.

Ibi tó ti ń bàjẹ́: àwọn èròjà ewé kan máa ń sọ MTT di àlùkò fúnra wọn, láìsí sẹ́ẹ̀lì kankan níbẹ̀. Òkú sẹ́ẹ̀lì á wá dà bí alààyè. Nítorí náà kí ihò tó ní oògùn àti MTT láìní sẹ́ẹ̀lì wà nínú gbogbo àwo, kí ẹ sì fi ọ̀nà mìíràn bí sulforhodamine B jẹ́rìí sí i. Bí iná bá lọ ní òru tí ẹ̀rọ ìtọ́jú sẹ́ẹ̀lì tutù, ẹ da àwo yẹn nù. Sẹ́ẹ̀lì tí otútù mú kò lè jẹ́rìí òdodo.

Lẹ́yìn ìyẹn la máa pín nọ́ńbà méjì. Ẹ jẹ́ ká ní 8 máíkrógíráàmù nínú mílílítà ló pa ìdajì A375, 10 ló pa ìdajì HaCaT. 10 pín sí 8 jẹ́ 1.25. Ẹ fi sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 4 àti 40, àlàfo náà jẹ́ ìlọ́po 10, ó yẹ ká tẹ̀ síwájú. Kí ẹ sì rántí pé HaCaT kì í ṣe awọ pípé, èròjà p53 rẹ̀, tó ń dènà jẹjẹrẹ, ti yí padà. Ẹ fi sẹ́ẹ̀lì tuntun láti ara awọ ènìyàn kún un bí agbára bá wà.

Sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú ihò kò ní ìlẹ̀kùn. Awọ ní. Ìpele òkè rẹ̀ tó ti kú, tí nínípọn rẹ̀ kò ju máíkrómítà 10 sí 20 lọ, ni ògiri tó ń dènà. Èròjà tó wúwo ju 500 Dalton (òṣùwọ̀n ìwúwo mólékù) lọ kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá, èyí tó gbé iná mọ̀nàmọ́ná sára náà ń ṣòro. Berberine jẹ́ 336 ṣùgbọ́n ó gbé iná sára. Solamargine, tó wà nínú ìdílé ọ̀dú àti ikàn, jẹ́ nǹkan bí 868. Ìdí nìyẹn tí òrí fi ń dára gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀ ìpara: ó ń bo awọ, omi inú awọ á rọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n iyọ̀ alikálọ́ìdì kò ní yọ́ nínú òrí, á kóra jọ bí yanrìn, apá kan ìpara á jó ara, apá kejì á dà bí òróró lásán. Ẹ kọ́kọ́ yọ́ ọ sínú propylene glycol, kí ẹ tó pò ó mọ́ òrí tó ti rọ̀ díẹ̀. Lójú àtẹ́lẹsẹ̀, níbi tí mẹlanóma àwa aláwọ̀ dúdú ti pọ̀ jù, ògiri yẹn nípọn ní ìlọ́po púpọ̀. Èmi kò gbà pé ìpara kankan lè wọ ibẹ̀ dé ìdí àrùn.

Ẹ ó bi mí bóyá alikálọ́ìdì kan ti dé ara ènìyàn rí. Ó ti dé. Àwọn èròjà solasodine inú ìdílé ikàn, ní ìwọ̀n tí kò ju 0.005% lọ nínú ìpara, ni wọ́n dán wò fún irú jẹjẹrẹ awọ kan tí wọ́n ń pè ní basal cell carcinoma ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èsì rẹ̀ jáde ní 2008. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8, ìdá 66 nínú 100 àwọn tó lò ó ni jẹjẹrẹ wọn lọ. Ẹ gbọ́ ìkejì: ìdá 25 nínú 100 àwọn tó lo ìpara lásán ni tiwọn náà lọ. Ká ní wọn kò fi ìpara lásán wé e ni, ṣe ni wọn ì bá ka gbogbo 66 sí ti ewéko. Iṣẹ́ abẹ sì ń wo èyí tó pọ̀ jù ìyẹn lọ nínú irú jẹjẹrẹ kan náà.

Ìbátan chelerythrine orín ata náà wà, sanguinarine, láti ara ewéko kan ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń pò ó mọ́ zinc chloride, wọ́n ń tà á ní ìpara dúdú pé ó ń fa jẹjẹrẹ tu. Ó ń jó gbogbo ẹran tó bá kàn, ibẹ̀ á di èépá dúdú, èépá á bọ́, ojú awọ á pa dé. Jẹjẹrẹ á sì máa jẹ lọ lábẹ́ àpá tó mọ́ nigín-nigín. Àwọn kan pàdánù imú wọn sí i.

Ọ̀rọ̀ àwọn àfín ń dùn mí lọ́kàn nínú èyí. Àwọn ni jẹjẹrẹ awọ ń pa jù láàárín wa, nítorí oòrùn. Orín ata, ìdílé ọsàn ló ti wá. Ìdílé yẹn ní àwọn èròjà tí oòrùn fi ń sun awọ, bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe ń sun ọwọ́ ẹni tó fún un lójú oòrùn. Berberine náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà àwo méjì la gbọ́dọ̀ ṣe: ọ̀kan nínú òkùnkùn, ọ̀kan lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ UVA, ìtànṣán oòrùn tí ojú kò lè rí. Bí ìwọ̀n tó ń pa HaCaT bá já wálẹ̀ lábẹ́ ìmọ́lẹ̀, ìpara yẹn kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àfín láé.

Ìbéèrè tí ìyá wa béèrè látẹ̀yìn, pé kí wá ni kí àwọn ṣe fún oníbàárà tó ń bọ̀ lónìí. Ìyá, bí ó bá jẹ́ làpálàpá kékeré lára, ìpara terbinafine 1%, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, kí ó fi kọjá etí rẹ̀ díẹ̀, kó má sì dáwọ́ dúró nígbà tí yíyún bá lọ. Bí ó bá jẹ́ orí ọmọ, ìpara kò lè dé ìdí irun, oògùn mímu ni, dókítà ló máa fún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ egbò tí kò jinná fún oṣù kan, tàbí àmì dúdú tó ń fẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí lábẹ́ èékánná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ohunkóhun sí i. Ilé ìwòsàn ni. Kí ẹ sì sọ fún ẹbí rẹ̀ pé ẹran tí wọ́n bá gé níbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ di nǹkan tí a sọ nù: inú formalin 10% ni kó wà, kí formalin pọ̀ tó ìlọ́po 10 rẹ̀, kí orúkọ, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti gé e lára wà lórí ìgò, kó sì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi maikirosikóòpù wo ẹran ara.